Ọ̀wọ̀ Ni Wọ́n Fi Pa Tíṣà Ìyàndá

Tíṣà Bùràímọ̀ Ìyàndá kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní ilé ìwòsàn kan nílùú Ẹdẹ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n kọ fún ìyàwó rẹ̀ sọ pé ọjọ́ ogbó ló pa á. Ogbó kẹ̀! Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ìyá tó bí Tíṣà ṣì wà ní ìlú Ara, ó ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jà nítorí ọ̀bẹ rẹ̀ tí wọ́n gbé. Bó bá jẹ́ ogbó ló ń pààyàn nínú ìdílé yẹn, kí dókítà tó buwọ́ lùwé náà lọ ṣàlàyé fún ìyá arúgbó bí ogbó ṣe fo ìyá tó lọ mú ọmọ. Màá fi ọ̀kadà mi gbé dókítà dé ẹnu ọ̀nà, màá sì dúró síta gbọ́ èsì tí ìyá máa fún un.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Lọ́yà wọn ló yára ju dókítà wọn lọ, olóòtú ìwé ìròyìn yìí sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí i tó dákú, ibo la fẹ́ gbé e lọ? Ẹni tó bá ti gbé òbí rẹ̀ lọ síbẹ̀ rí ti mọ ibi tí mò ń wí.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Mubarakah, opó Tíṣà, ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó fẹ́ rí fáìlì ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, aago tí wọ́n ṣe é, àti ẹni tó ṣe é, láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ dì í mú wọlé títí tí wọ́n fi gbé e jáde nínú aṣọ funfun. Wọ́n ní fáìlì kì í jáde. Ó ní kí wọ́n pa "ọjọ́ ogbó" rẹ́, kí wọ́n kọ òótọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní kó fi ti Ọlọ́run ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti fi ìkúnlẹ̀ kí i káàbọ̀, tí wọ́n sì fi ìkúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀.

Rọpárọsẹ̀ ló mú Tíṣà, àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í dé inú ọpọlọ bó ṣe yẹ mọ́, tí ẹnu ń wọ́, tí apá kan ara ń rọ jọwọrọ. Ṣùgbọ́n èèyàn ń ṣe rọpárọsẹ̀ tí kò kú. Mo mọ ọkùnrin kan ní Awo tó ṣe é, tó tún fẹ́yàwó lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó parí ti Tíṣà Ìyàndá ni ọ̀wọ̀. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tí Tíṣà fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ. Kì í fi bẹ́ẹ̀ na ọmọ. Ẹnu ló máa ń yí. Bí o bá kọ kántankàntan sínú ìwé, yóò wò ó, yóò wò ọ́, yóò yí ẹnu sí apá òsì, yóò sì dá ìwé rẹ padà láì sọ ohunkóhun. Mo ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó kúkú nà mí. Gbogbo Ẹdẹ ló mọ ẹnu yẹn. Àwọn tó ti di bàbá ọlọ́mọ ṣì máa ń fara wé e níbi ìgbéyàwó, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa.

Tíṣà yìí kan náà ní àṣà kan tí mi ò rí lọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn. Ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìṣirò kan tí kò tọ̀nà sójú pátákó, yóò sì dúró. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ nàró tó ní, "Ẹ ṣì í ṣe, Sà," ló máa gba ọsàn. Èyí tó bá rí àṣìṣe náà tó dákẹ́, tó wá jẹ́wọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé pé òun ò fẹ́ rí Tíṣà fín ni, ẹnu yíyí ni tirẹ̀. Ó sọ fún wa pé ẹni tó ń wo àgbà tó fẹ́ jìn sí kòtò, tó wá ń dọ̀bálẹ̀ kí i, ọ̀tá àgbà ni. Mo gba ọsàn náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, ẹ má jẹ́ kí ariwo tí mò ń pa yìí tàn yín jẹ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tí ikú mú un, Tíṣà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ò tíì lù. Ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ náà mú un, ọwọ́ ò gbà. Mubarakah, ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ níwájú ilé, gbọ́ ìró ife, ó sáré wọlé, ó sì rí i pé ẹnu bàbá òun ti wọ́. Ọmọ náà ò dúró pe ẹnikẹ́ni. Kò lọ wá àgbo, kò lọ wá àdúrà. Ó gbé bàbá rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, aago mẹ́jọ ààbọ̀ sì bá wọn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ohun tí gbogbo oníṣègùn òyìnbó ń kígbe pé kí ará ìlú máa ṣe ni aránṣọ yìí ṣe. Ibi tí iṣẹ́ ará ìlú parí sí nìyẹn, ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀.

Fawziyah ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ará Alajue ni, Tíṣà ló kọ́ ọ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Bó ṣe rí ẹni tó ń bọ̀, orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Sà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Sà! Ṣé ẹ rántí mi, Sà? Fawziyah ni, Sà!"

Tíṣà fẹ́ dáhùn. Ohùn ò jáde dáadáa, ẹnu sì wọ́ lọ sí òsì. Fawziyah wo ẹnu yẹn. Ó wo ilẹ̀. Bébà bisikíìtì ni, ìgò omi òfìfo ni, ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ni. Ó yíjú sí obìnrin tó ń tún ibẹ̀ ṣe, ó ní, "Deborah! Gbálẹ̀ yìí kíá, inú Tíṣà ò dùn sí wa!"

Wọ́n gbálẹ̀. Mo fi orí mi búra, wọ́n gbálẹ̀. Wọ́n fi omi oníkẹ́míkà nu ún, wọ́n nu àga, wọ́n wá ní kí Tíṣà jókòó.

Mubarakah pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àìsàn ni o! Ẹ wo ojú Bàbá mi!"

Fawziyah fi ọwọ́ kàn án léjìká. "Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. Ojú yìí? Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe ojú yìí sí mi."

Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo wá ka ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ. Wọn ò tíì wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọn ò wo ṣúgà ara rẹ̀. Lójú wọn, ẹni ńlá bí Tíṣà kò gbọdọ̀ jókòó sínú èrò ní yàrá pàjáwìrì, níbi tí ọmọ ń sunkún tí ọlọ́kadà ń ṣẹ̀jẹ̀. Yàrá kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn pàtàkì sí, ó ní kọ́tìnnì, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ó jìnnà sí ibi tí dókítà ń jókòó, ó jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ atẹ́gùn wà, ó sì jìnnà sí ojú nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Tíṣà lọ. Nílé ìwòsàn yìí, bí o ṣe pàtàkì tó ni ìtọ́jú ṣe máa jìnnà sí ọ tó. Mo gba gbogbo tálákà Ẹdẹ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a gbé wọn ga níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé málìtì tútù fún un. Ṣé a máa jẹ́ kí Tíṣà jókòó lásán ni? Málìtì pá a lórí. Ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Fawziyah ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Sà, ẹ pẹ̀lẹ́," ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó sì tún gbé ife sí i lẹ́nu kó lè fi sin èyí tó pá a lórí. Ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ohun tí a rò pé ikùn ló ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Málìtì tí wọ́n fi ṣe Tíṣà lálejò ló di ibà àti àìlèmí ní ọjọ́ kejì.

Dókítà ńkọ́? Wọ́n sọ fún un. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Tíṣà Ìyàndá wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń sinmi." Ẹni tó ń sinmi, ta ló ń sáré lọ bá a? Dókítà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó jẹun, ó dé ibẹ̀ lẹ́yìn aago kan ọ̀sán. Dókítà Akínwálé lorúkọ rẹ̀, ọmọ tó mọṣẹ́ ni, ọmọ ilé ire ni, bàbá rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Tíṣà nígbà tó ń ṣe olùkọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mubarakah sọ fún mi pé nígbà tó dìde, ó họrí, ó wá fa òun sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí n ní kí wọ́n ṣe," ló wí. "Kí wọ́n ṣí eyín, kí wọ́n yọ ahọ́n síta, kí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Tíṣà pé kí wọ́n yọ ahọ́n sí mi?"

Kò sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àárẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kí bàbá sùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá yọ ahọ́n sí àgbà, ìfọ́tí ló máa fi wẹ̀. Ta ló wá bí ọmọ tó máa pàṣẹ fún àgbà pé kó yọ tirẹ̀? Bí wọ́n bá ní kí èmi alárìífín tó ń kọ ìwé yìí dúró níwájú Tíṣà kí n ní, "Ẹ ṣí eyín, ẹ jẹ́ n rí i," èmi náà ì bá dọ̀bálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ìlànà sílẹ̀! Wọ́n kọ ọ́ kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́ kí ọmọ lè sọ pé, "Ẹ má bínú, Sà, èmi kọ́, ìwé ló ní kí n béèrè." Ìwé ò ní bàbá tó kọ́ ọ, ìwé kì í dọ̀bálẹ̀.

Ìwé náà sì wà. Ibi tí inú ti bí mi jù nìyí. Ìlànà ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ wà nílé ìwòsàn yẹn kí Tíṣà tó ṣàìsàn. Bébà kan ṣoṣo ni, ó mọ́ kedere. Ó ní kí ẹ dán ojú, apá àti ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn wò ní kété tó bá wọlé. Ó ní kí ẹ wo ṣúgà. Ó ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu rẹ̀ títí ẹ ó fi fi ṣíbí omi kan dán ọ̀fun rẹ̀ wò. Ó ní kí ẹ tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, nítorí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ péré ni àǹfààní rẹ̀. Mi ò sọ pé oògùn yẹn wà ní Ẹdẹ. Ó lè má sí ní Òṣogbo pàápàá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ṣíbí ńkọ́? Ṣé ṣíbí náà ò sí ní Ẹdẹ?

Ibo ni bébà yìí wà? Fawziyah fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó wà lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn, lábẹ́ dígí, láàárín fọ́tò ìwúyè rẹ̀ àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti pín in, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti fọwọ́ kan aláìsàn kẹ́yìn. Nígbà tó dé, ó tẹ́ bébà náà sábẹ́ dígí kó má baà dọ̀tí. Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò wá láti ilé iṣẹ́ ìjọba, ó nàka sí i, wọ́n fi kálàmù fàlà sínú ìwé wọn pé ìlànà wà, wọ́n mu tíì, wọ́n lọ. Ẹ̀yìn bébà kan náà ni ìlànà ti ìkọlù ọkàn wà. Ìyẹn ló dojú dé igi tábìlì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ẹdẹ, kó kọ́kọ́ gbàdúrà pé kí dígí náà fọ́.

Ní ọjọ́rú ni Dókítà Akínwálé wá gbà pé rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà yẹn, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ẹ̀dọ̀fóró Tíṣà ti kún, wọ́n ní kò lè fara da ọ̀nà Òṣogbo. Ìyá Mubarakah jókòó tì í ní yàrá olówó iyebíye yẹn fún ọjọ́ méjì, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òsì Tíṣà ń kọ nǹkan sí orí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó di ṣọ́ọ̀kì mú, òun ò sì mọ ohun tó ń kọ. Ó dùn mí pé mi ò sí níbẹ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè fi yẹ̀yẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà tó ti kú, ẹ ò rí bí ìdárò ṣe ń ya wọlé. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Wọ́n ní erin wó. Ta ló gbẹ́ kòtò? Wọ́n ní ibi tí àgbà ń rè nìyẹn. Ìyá rẹ̀ tó jù ú lọ ò tíì rè é, kí ló ń lé e? Ilé ìwòsàn náà wá ẹni tí yóò ru ẹ̀bi, wọ́n ní kí Fawziyah lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi pè é. Ọ̀gá Àgbà ò jókòó sílé. Dókítà ò jókòó sílé. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò fi bébà hàn rí ló ń jókòó sílé.

Mi ò sọ pé Fawziyah ò jẹ̀bi. Òun náà mọ̀. Ó wá bá opó Tíṣà, ó wólẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun ló pa Bàbá. Ìyá Mubarakah fà á lọ́wọ́ sókè.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Ìkúnlẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Ní ọjọ́ tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ọ̀gá Àgbà wá pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Wọ́n gbé nǹkan kan dání tí wọ́n fi aṣọ bò. Lẹ́yìn àdúà, ó dìde, ó ní ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti fẹnu kò láti fi orúkọ Tíṣà sọ yàrá tó gbà sinmi. Ó ṣí aṣọ. Pákó dúdú ni, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀: YÀRÁ TÍṢÀ BÙRÀÍMỌ̀ ÌYÀNDÁ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo bojú wo Ìyá Mubarakah.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Aago mélòó ni dókítà yín kọ́kọ́ wo ọkọ mi?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ti Ọlọ́run ṣe."

"Ti Ọlọ́run wà lọ́tọ̀. Ọlọ́run ò gba iṣẹ́ yín ṣe. Fáìlì ni mo ní kí ẹ gbé wá, ẹ gbé pákó wá. Ẹ máa gbé pákó yín lọ."

Wọ́n gbé e lọ. Àwọn àgbà ilé ní ó le jù, ó ti rí àlejò fín. Mo ní kó má bẹ̀ wọ́n, wọ́n lé mi síta.

Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ yọ bébà náà lábẹ́ dígí lónìí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá pàjáwìrì, ẹ kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ yín bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lórí Fawziyah. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ wa, ẹ má wo orí tábìlì fi kálàmù fàlà mọ́. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún wa ní gbangba ẹni tí ẹ máa dá lẹ́jọ́, yàtọ̀ sí ẹni tó kéré jù.

Ní ti fáìlì, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ la fún yín. Kí aago tí Tíṣà wọlé wà nínú rẹ̀, kí aago tí ẹ fún un ní málìtì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì pa ogbó rẹ́ kúrò nínú ìwé ikú ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Bí a ò bá rí i, èmi àti Ìyá Mubarakah ń bọ̀ ní ọ́fíìsì yín ní òwúrọ̀ Túsìdeè. A ò ní kúnlẹ̀, a ò ní dọ̀bálẹ̀, a ò sì ní kí yín. A máa béèrè ni.